Ọwọ́ Juwọ́n Nínú Fídíò Tó Ṣókùnkùn

Etí Olúwajuwọ́n kò gbọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Ifo ni wọ́n ń gbé nígbà náà, bàbá ọmọ náà sì wà láyé. Lọ́jọ́ kan, abọ́ tánńganran ńlá kan já bọ́ sórí símẹ́ńtì lẹ́yìn ọmọ náà. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, adìyẹ fọ́n ká, ajá aládùúgbò gbó, Juwọ́n kò tilẹ̀ yí ọrùn. Ó jókòó, ó ń fi ìka ya àwòrán sórí ilẹ̀. Ìbíwùnmí, ìyá rẹ̀, gbé abọ́ náà, ó tún mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀, ó fi ojú sí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti abọ́ náà, ó sì bú sẹ́kún.

Ọkọ rẹ̀, Sàlàkọ́, kú kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí ó gbé ọmọ náà lọ fún ìyá àgbà ní oko, kí ó lè rí ilé ọkọ mìíràn wọ̀. Kò gbà. Ó kó ẹrù, ó kọjá sí Mowe, ó gba yàrá kan, ó sì rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jókòó ti atẹ ńlá kan pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, kí wọ́n máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú ìrẹsì. Ibẹ̀ ni Juwọ́n dàgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Gbogbo obìnrin ibẹ̀ ní láti máa fi ọwọ́ júwe nǹkan fún ara wọn, ọmọ náà sì ń wò wọ́n.

Bí ìyá àti ọmọ ṣe dá èdè tiwọn sílẹ̀ nìyẹn. Bí Juwọ́n bá fẹ́ pe ìyá rẹ̀, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bó bá fẹ́ kí ó wá, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyà ara rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, tó fẹ́ sọ pé kò séwu, itan ni yóò gbá. Òjò ní àmì tirẹ̀, ebi ní tirẹ̀, onílé wọn tó máa ń fa ṣòkòtò sókè ní gbogbo ìgbà náà ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ọláwùnmí, tó ń kọ́ àwọn adití ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ilé ìwé, ó sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà díẹ̀. Èyí ni Juwọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, orí rẹ̀ kò sì gba ti ilé ìwé náà. Bí Juwọ́n bá ti wọlé, èdè àwọn méjèèjì náà ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ẹni kẹta tó gbọ́ ọ.

Juwọ́n kọ́ iṣẹ́ bàtà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ṣeun, tí òun náà jẹ́ adití tí kò ní òbí mọ́, fi í sọ́kàn pé Aba ni àwọn ń lọ, nítorí pé bàtà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn adití kan sì wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìbíwùnmí kò fẹ́. Ó bi í pé ta ni yóò máa bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Juwọ́n rẹ́rìn-ín, ó gbá itan rẹ̀.

Kí wọ́n má bàa pàdánù ara wọn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fún Ìbíwùnmí ní tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù kan. Ọláwùnmí ṣí ojú-ìwé kan fún ìyá àti ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn adití ti ń fi fídíò ránṣẹ́ sí ara wọn. Òun ló fi páásíwọ́ọ̀dù sí ti Ìbíwùnmí. Nígbà tó kó lọ sí ìlú òyìnbó, tó sì pààrọ̀ nọ́ńbà, kò sí ẹni tó rántí bi í ní páásíwọ́ọ̀dù náà. Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣáà ń ṣí ojú-ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ìbíwùnmí á gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti ike kọ́sítáàdì kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Á wo Juwọ́n. Juwọ́n á fi bàtà tó ṣe hàn án, á sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ, á sọ ohun tó jẹ. Òun náà á tẹ ibi pupa, á fi ọwọ́ fèsì. Hameedah, aládùúgbò rẹ̀ tó ní kẹ́mísìtì lójú títì, máa ń sọ pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ju àwọn tí etí wọn là lọ.

Ó tún ní fóònù kékeré kan tí Juwọ́n máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ sí nígbà mìíràn, Hameedah á bá a kà á. Nígbà tí wọ́n ti ìlà gbogbo tí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ pa, tirẹ̀ wà nínú wọn. Ó ra ìlà tuntun, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Juwọ́n ti bá ti àtijọ́ lọ. Ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti fi ìka ka nọ́ńbà tuntun náà fún Juwọ́n nínú fídíò, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn lẹ́nu ọwọ́ wọn, ó máa ń gbàgbé, tàbí kó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni fídíò náà ṣókùnkùn. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì dúdú, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ nǹkan: àga tó ń dún, ọ̀kadà tó kọjá lókèèrè, àti ohùn Juwọ́n, irú ohùn tó máa ń jáde lọ́fun rẹ̀ nígbà tó bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń jáde. Ó rò pé wọ́n ti mú iná lọ lọ́dọ̀ wọn ni. Ó fẹ́ fèsì pé òun kò rí i. Àmì róbótó kan ń yí lójú ẹ̀rọ náà, ó ń yí, ó ń yí, lẹ́yìn náà ó kọ òyìnbó pupa kan. Fídíò tirẹ̀ kò lọ.

Hameedah wò ó, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó bá a ra dátà, kò yàtọ̀. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ó fẹ́ ṣí ojú-ìwé náà lórí fóònù tirẹ̀, ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìwàásù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, orin ń ṣiṣẹ́, ti Juwọ́n nìkan ló dúdú. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló gbà pé láti ọ̀dọ̀ Juwọ́n ni àléébù ti wá, pé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, yóò sì tún un ṣe.

Fídíò mìíràn dé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn fídíò náà kò dúró de ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Ìbíwùnmí á gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí etí. Ó gbọ́ ikọ́. Ó gbọ́ irin bẹ́ẹ̀dì tó ń han. Ó gbọ́ èémí bí èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ó sì gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó ń gbá ara, pà, pà, pà. Èyí ni kò jẹ́ kó lè jẹun. Bó bá jẹ́ itan ló ń gbá, àlàáfíà ni. Bó bá jẹ́ àyà ni, ó ń pe òun. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbá àyà ara rẹ̀, ó fetí sí i. Ó gbá itan. Ó tún fetí sí ti inú ẹ̀rọ. Kò mọ ìyàtọ̀. Láti kékeré ọmọ yìí, òun ni etí tó ń bá a gbọ́ ayé. Ní báyìí etí yìí nìkan ló kù tó lè lò, kò sì rí nǹkan kan fi í ṣe.

Àwọn obìnrin ibi ìrẹsì ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní ó lè jẹ́ obìnrin ló rí, tí kò fẹ́ kí ìyá rí ojú òun. Òmíràn ní kí ó gbàwẹ̀. Ó wù ú kó gbéra lọ sí Aba, ṣùgbọ́n Aba nìkan ló mọ̀, kò mọ àdúgbò, kò mọ orúkọ ọ̀gá, ìlú náà kì í sì í ṣe ìlú tí èèyàn lè dúró ní oríta rẹ̀ kó máa béèrè ọmọ adití kan.

Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà ní Mowe. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, ó ní inú rẹ̀ ti kún, pé kí ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà wá, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó tún wá, wọ́n ní ọkùnrin náà lọ síbi òkú ní ìlú rẹ̀. Nígbà tó fi máa rí ẹ̀rọ náà gbà, fídíò Juwọ́n ṣì dúdú, ọkùnrin náà sì ti nu gbogbo àwòrán àti fídíò tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀ kí àyè lè wà. Àwọn fídíò àtijọ́ wà níbẹ̀, tí Ọláwùnmí ti bá a fi pamọ́ nítorí pé ojú-ìwé náà kì í tọ́jú ohun tó bá ti pẹ́: Juwọ́n níbi tó ti ń jó lọ́jọ́ ìkórè, Juwọ́n níbi tó ti ń gé awọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ìbíwùnmí béèrè bóyá ó ṣeé dá padà. Ọkùnrin náà ní ohun tó ti lọ ti lọ. Kò fi ìkà sọ ọ́, àwọn oníbàárà mìíràn ló dúró tì í lọ́rùn.

Hameedah ló wá sọ fún un nípa Sùlèímọ́nù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ibafo, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà márosẹ̀. Ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò lọ síbi iṣẹ́. Sùlèímọ́nù jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó tẹ fídíò náà, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó tẹ òmíràn, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó sì bi í léèrè ìgbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, tábúlẹ́ẹ̀tì yín ò bàjẹ́,” ó ní. “Ó ti dàgbà ni. Àwọn tó ni ojú-ìwé yìí ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di fídíò padà. Ẹ̀rọ tuntun mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Tiyín ò mọ̀ ọ́n, ohùn nìkan ló lè tú. Òun náà ni kò jẹ́ kí tiyín lọ.”

“Ọmọ mi náà ńkọ́? Ṣé ó ń rí mi?”

“Kò sí ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ látọ̀dọ̀ yín láti ìgbà náà.”

Sùlèímọ́nù so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní òun yóò fa àwọn fídíò náà jáde, kí òun yí wọn sí irú ti tẹ́lẹ̀. Ó fà á díẹ̀, nítorí iná. Ìbíwùnmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àwọn tírélà tó ń lọ. Nígbà tó ṣetán, Sùlèímọ́nù yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.

Nínú ti àkọ́kọ́, Juwọ́n jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ara rẹ̀ le. Ó gbé sálúbàtà obìnrin kan sókè, aláwọ̀ osùn, ó sì ṣa ìrẹsì pẹ̀lú ìka. Ti ìyá rẹ̀ ni. Ó gbá itan. Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Nínú èkejì, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ti wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń falẹ̀.

“Kí ló ń sọ, Màmá?” Sùlèímọ́nù béèrè.

“Ó ní ara òun gbóná. Ó ní inú ń ta òun.”

Ẹ̀kẹta dé. Ìbíwùnmí ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà débi pé èémí rẹ̀ ń bà á. Kò dúró kí wọ́n bi í mọ́. “Ó ní òun lọ sí ọsibítù. Ó ní dókítà ń la ẹnu, òun ò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n fún òun ní ìwé, Ṣeun kà á, kò yé òun náà. Wọ́n ń fi ọwọ́ júwe ọ̀bẹ lára ikùn òun, ẹ̀rù ba òun, òun sì padà sílé. Ó ní kí n wá bá òun gbọ́ ọ̀rọ̀.”

Nínú fídíò náà, Juwọ́n ń gbá àyà. Nínú ẹ̀kẹrin náà, àyà ló ń gbá. Nínú èyí tó kẹ́yìn, kò lè jókòó mọ́, ẹlòmíràn ló mú fóònù dání fún un. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbé sókè. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń pàdé, wọ́n ń yà, wọ́n ń pàdé, títí fídíò náà fi parí.

“Èyí ńkọ́?” Sùlèímọ́nù rọra béèrè.

“Èmi ló ń pè,” Ìbíwùnmí ní.

Sùlèímọ́nù wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò náà. Kò kà á síta. Ó padà sí ti àkọ́kọ́, ó dá a dúró, ó ka àkọlé tó wà lára ògiri lẹ́yìn Juwọ́n, orúkọ ilé bàtà náà àti òpópónà rẹ̀, ó kọ ọ́ sórí bébà fún un. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú un dé ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ ìlà oòrùn ti ń gbéra. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ kan rí èrò tó kún un.

Nígbà tí Ìbíwùnmí dé ilé bàtà náà ní Aba, Ṣeun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó gbé ojú sókè, ó rí i. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn àgékù awọ, kò sì dìde. Ìbíwùnmí mọ̀.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ yìí nìkan ló rí mọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èdè ilé ìwé ni Ṣeun ń fi ọwọ́ sọ, Ìbíwùnmí kò gbọ́ ọ. Ṣeun kọ ọ́ sórí bébà, kò lè kà á. Wọ́n ní láti wá pásítọ̀ kan tó ń bá àwọn adití ṣe ìsìn, òun sọ ọ̀rọ̀ Ṣeun di èdè òyìnbó. Wọ́n tún wá Nàfísàt, obìnrin Yorùbá kan tó ń ta awọ nínú ọjà náà, òun ló sọ ti òyìnbó di Yorùbá. Bí ikú ọmọ rẹ̀ ṣe dé etí rẹ̀ nìyẹn, láti ọwọ́ sí ẹnu, láti ẹnu sí ẹnu.

Táífọ́ọ̀dù ni. Ó ti dá ihò sí ìfun rẹ̀. Ọsibítù fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, Juwọ́n kò sì lóye ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe. Ṣeun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ ìyá Juwọ́n lẹ́ẹ̀mélòó kan, kò lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e padà sí ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn adití yòókù dá owó, wọ́n sì sin ín síbi tí ìjọba fi sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ẹbí nítòsí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì gbẹ tán nígbà tí wọ́n mú un débẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìbíwùnmí béèrè. Ó ní kí wọ́n bi Ṣeun bóyá Juwọ́n sọ nǹkan kan nípa òun. Ìbéèrè náà gba ẹnu Nàfísàt àti ẹnu pásítọ̀ lọ. Ṣeun fi ọwọ́ fèsì. Pásítọ̀ sọ ọ́. Nàfísàt kò fẹ́ sọ ọ́, ó kọ́kọ́ nu ojú ara rẹ̀.

“Ó ní Juwọ́n máa ń gbé fóònù lé àyà, kó lè mọ̀ ọ́n lára bí ìdáhùn yín bá dé,” ó ní. “Ó ní Juwọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ yín.”

Ìbíwùnmí padà sí Mowe. Ó kó aṣọ Juwọ́n dání, àti òòlù rẹ̀. Sálúbàtà aláwọ̀ osùn náà kò sí nínú ẹrù, wọ́n ti tà á ra oògùn. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí, kò tan án mọ́. Sùlèímọ́nù wá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun lè bá a gbé àwọn fídíò náà sórí fóònù tí yóò máa ṣí wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó dúró ná.

Ó ṣì ń lọ síbi ìrẹsì. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní kò fi ọwọ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dún. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, á dúró kí wọ́n pa á.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wá bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jésùtófúnmi lorúkọ rẹ̀, adití ni. Wọ́n ti sọ fún ìyá ọmọ náà pé Ìyá Juwọ́n mọ ọ̀rọ̀ ọwọ́, pé kí ó bẹ̀ ẹ́. Ìbíwùnmí jókòó, ó mú ọmọ náà dúró sáàárín orúnkún rẹ̀. Ó gbé ọwọ́, ó sọ pé kí ó jókòó. Ọmọ náà ń wò ó. Ó sọ pé òjò ń bọ̀. Ó bi í pé ṣé ebi ń pa á. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, kò yé e, kò sì lè yé e. Kò sí lára ohun tí Ìbíwùnmí sọ tí ẹnikẹ́ni tún gbọ́ lórí ilẹ̀ ayé. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ sórí itan, ó sọ fún ìyá ọmọ náà pé kí ó má bínú, pé kí ó wá olùkọ́ gidi fún un kíákíá, ó sì mú Bíbélì rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde.